Òkè Panumọ́

"Ẹsẹ̀ òsì rẹ fẹ́ kan ilẹ̀," ni Àṣá wí lókè orí rẹ̀. "Mo kìlọ̀ fún ọ."

"Koríko ni mo fẹsẹ̀ gbá," ni Ìbíwùmí dáhùn. Kò gbójú sókè, nítorí òkúta tó wà níwájú táyà rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ.

"Orí ilẹ̀ ni koríko ń hù sí."

"Orí ilẹ̀ náà ni ìwọ ń fò sí. Ṣé o ti kàn án ni?"

Àṣá ń ro ó. Ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n dè mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ Ìbíwùmí méjèèjì ṣì ń tàn bí ewé àgbàdo tuntun. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bá fi lè kan ilẹ̀, pupa ni wọn yóò dà, wọn yóò sì figbe bọnu bí ọmọ tí oyin ta, ìrìn òní yóò sì parí síbẹ̀.

"Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀," ni Àṣá wí níkẹyìn. "Máa lọ."

"O ṣeun, ọ̀gá mi."

Ẹ̀rọ tó ń fò ni Àṣá. Àwọn tó rán an wá ń pè é ní Olùṣọ́ Ọ̀nà, ṣùgbọ́n àwọn ará òkè ti sọ ọ́ ní Àṣá láti ọjọ́ tí adìẹ ti kọ́kọ́ sá fún un wọ abẹ́ àká. Kò tóbi ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ. Ó ní apá mẹ́rin tó ń yí bí òòyì, àti ojú kan ṣoṣo tí kì í ṣẹ́. Yorùbá inú ìwé ló ń sọ, kì í gé ọ̀rọ̀ kúrú, kì í rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni kì í bínú, èyí tó ń bí Ìbíwùmí nínú jù.

Ó rọra yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kúrò lójú òkúta, ó sì tún fi ìdí kan ìjókòó. Níwájú rẹ̀, ọ̀nà abẹ́ wáyà lọ tààrà láti orí òkè kan dé orí òkè mìíràn, bí ẹni pé abẹ onígbàjámọ̀ kan ló fá àárín igbó náà láti iwájú orí dé ìpàkọ́. Àwọn òpó irin ya ẹsẹ̀ sórí òkè kọ̀ọ̀kan, wáyà ńláńlá sì so rọ̀ láàárín wọn, ó ń kùn hùn-ùn bí ilé oyin. Lábẹ́ rẹ̀, ọ̀nà kan tí kò fẹ̀ ju ẹní lọ ni àgbàrá ti gbẹ́ sí kòtò, tí gbòǹgbò igi sì ti hú jáde nínú rẹ̀ bí iṣan ọwọ́ arúgbó. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, á sọ̀ bí ẹni já bọ́. Bó bá tún gòkè, á gùn bí àkàbà.

Ó kọjá lára ògiri ilé kan tó ti jóná, tí èéfín ọjọ́ pípẹ́ ṣì dúdú lára rẹ̀. Igi ìbẹ́pẹ kan ti hù nínú ohun tó jọ yàrá. Nígbà tí àwọn ènìyàn ń kọ́lé sábẹ́ wáyà nìyẹn, tí wọ́n ń dáko síbẹ̀, tí wọ́n ń ta epo bẹntiróòlù síbẹ̀, títí wáyà kan fi já ní ọjọ́ ìjì, tó sì jó odidi àdúgbò. Láti inú iná yẹn ni Òfin Ẹsẹ̀ ti jáde. Ẹni tó bá ń kọjá, kó kọjá, kó má fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ kanlẹ̀ ti di olùgbé, olùgbé ò sì gbọdọ̀ sí lábẹ́ wáyà.

Ìdí òpó kọ̀ọ̀kan nìkan ni wọ́n ti da sìmẹ́ńtì yíká, tí wọ́n kùn ún ní funfun, tí oníkẹ̀kẹ́ ti lè sọ̀ kalẹ̀ sinmi. Òrùka ni wọ́n ń pè é. Ìbíwùmí gun òkè kékeré kan, ó yí wọ inú òrùka tó kẹ́yìn kí ènìyàn tó dé ìlú, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì kan sìmẹ́ńtì, ó sì mí kanlẹ̀.

"Panumọ́ ló kù," ni ohùn kan wí nínú ẹ̀rọ etí rẹ̀.

"Mo rí i, Bọ̀dá mi."

Fìjàbí, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ló ń sọ̀rọ̀ láti òkè, níbi tí gbogbo ará Òkè-Ìròkò, ìlú wọn, ti pé jọ sí ìdí òpó wọn. Òun ló gun ọ̀nà yìí fún ìlú lọ́dún tó kọjá. Itan rẹ̀ nípọn bí odó, kò sì sí ẹni tó rò pé òkè kan lè dá a dúró.

"Báwo ni ẹsẹ̀?"

"Ó ń jó mi bí ata, ṣùgbọ́n ó ṣì jẹ́ tèmi. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n gbé omi kaná. Màá wẹ̀ tí mo bá dé."

Fìjàbí rẹ́rìn-ín. "Gbọ́ ẹnu. Ṣé Àṣá wà níbẹ̀?"

"Ó wà. Ó ń kọ́ mi ní òfin koríko."

Láti orí òrùka náà, ó rí títì ọ̀dà nísàlẹ̀ jìnnà, tó ń dán nínú oòrùn àárọ̀. Àwọn ọkọ̀ tí kò ní dírẹ́bà ń sáré lórí rẹ̀, imú ọ̀kan nídìí èkejì, láìdúró, láìfọn fèrè. Ọ̀nà yẹn ti di tiwọn. Wọ́n mọ àwọn ìlú ńlá tí wọ́n ń kó ẹrù lọ, ṣùgbọ́n wọn ò mọ Òkè-Ìròkò, nítorí ẹni tó kọ́ wọn lọ́nà ò kọ́ wọn ní orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá na ọwọ́ sí wọn, bí ẹni na ọwọ́ sí odò ni. Obìnrin tó bá ń rọbí, orí àga ni wọ́n fi ń gbé e gba àárín àpáta sọ̀ kalẹ̀, ìyá Ìbíwùmí, tí í ṣe agbẹ̀bí, yóò sì máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà, yóò máa sọ fún ọmọ inú pé kó ní sùúrù. Ilé tí wọ́n tì pa ti ń pọ̀ ju ilé tí wọ́n ń ṣí lọ.

Ṣùgbọ́n bí ọmọ ìlú kan bá lè gun ọ̀nà abẹ́ wáyà láti odò dé òpó ìlú rẹ̀, láìfẹsẹ̀ kan ibòmíràn bí kò ṣe inú òrùka, òfin ní ọ̀nà náà di ọ̀nà ìlú yẹn. Wọn yóò máa gùn ún, wọn yóò máa rìn ín, wọn yóò máa dúró lórí rẹ̀ bó bá ṣe wù wọ́n. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní iye ọdún tí wọ́n fún un láti dán an wò. Ti Òkè-Ìròkò parí lónìí. Lẹ́yìn òní, wọn yóò fi irin dí ẹnu ọ̀nà náà.

"Ìbí," Fìjàbí rẹ ohùn sílẹ̀, "Yèyé ti jókòó o."

"Mo mọ̀."

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Ẹnu ni màá fi kí i. Mi ò ní dúró. Màá kígbe kí i tayọ̀tayọ̀, màá sì kọjá."

"Lórí Panumọ́," ni Fìjàbí wí. "Ó dára. Ẹnu wo?"

Ìbíwùmí yọ ìgò kúrò lára kẹ̀kẹ́. Ó mu omi.

Kì í ṣe òkè ló dá àwọn tó gùn ún ṣáájú dúró. Gbogbo ìlú ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ìdajì Òkè Panumọ́, ní etí ọ̀nà gan-an, ni ilé Yèyé Arìnọ́lá wà. Nígbà tí àwọn tó ń fa ìlà funfun tó jẹ́ ààlà òfin dé ibẹ̀ pẹ̀lú katakata, Yèyé jókòó sórí pèpéle bàbá rẹ̀, ó ní kí wọ́n wó o mọ́ òun lórí. Ni wọ́n bá fa ìlà funfun náà yípo pèpéle, bí odò ṣe ń yípo àpáta. Láti ìgbà náà, àràárọ̀ ni Yèyé ń jókòó síbẹ̀. Òun ló dàgbà jù lọ ní ìlú. Kò sí ọmọ kan ní Òkè-Ìròkò tí kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ fi omi kan ètè rẹ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ta ni yóò kọjá níwájú irú ẹni bẹ́ẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, bí ẹni kọjá níwájú kùkùté?

Nígbà tí wọ́n bi Fìjàbí léèrè, ohun tó sọ ni pé, "Mo rí i, ara mi sì ti dọ̀bálẹ̀ kí n tó rántí pé mo wà lórí kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ náà dọ̀bálẹ̀ tẹ̀lé mi." Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ìgbìmọ̀ ìlú pàdé. Wọ́n ní kí ẹnìkan lọ bẹ Yèyé kó jókòó sínú ilé lọ́jọ́ kan péré. Wọ́n wo ara wọn. Ta ló fẹ́ lọ sọ fún Yèyé pé kó kúrò níwájú ilé bàbá rẹ̀, nígbà tí katakata ò lè sọ ọ́?

Láàárọ̀ yìí, bí ìyá Ìbíwùmí ṣe ń di okùn bàtà rẹ̀, kò gbójú sókè. "Gun òkè rẹ dáadáa," ló wí. "Ṣùgbọ́n bí o bá kọjá Yèyé láìkúnlẹ̀, má ṣe wọlé mi. Ọ̀nà tí àfojúdi bá là, àfojúdi ni yóò máa gbà á wọ̀lú."

"Màmi, bí mo bá kúnlẹ̀, ọ̀nà ò ní là."

"Mo gbọ́. Ìwọ lo ní orí. Fi ronú."

Ìbíwùmí gbé ìgò omi padà sáyè rẹ̀. Ó wo òkè náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, bí ẹni tó ń wo màlúù tó fẹ́ rà, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò sí ohun tó wà nínú òkè yẹn tí kò sí nínú ẹsẹ̀ òun. Ti Yèyé ló kù. Ó gun kẹ̀kẹ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dà bí eré. Ó fi jíà sí èyí tó fúyẹ́ jù, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ni òkè bẹ̀rẹ̀ sí í dìde sójú rẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ ń fò lábẹ́ táyà, gbòǹgbò kan gbá táyà iwájú sápá ọ̀tún, ó fi ìbàdí gbà á padà. Ó dìde kúrò lórí ìjókòó, ó tẹ̀ síwájú títí àyà rẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ọ̀fun rẹ̀ gbẹ. Èémí rẹ̀ ń ké bí ayùn nínú igi tútù.

"Ìbí, o ń ṣe dáadáa," ni Fìjàbí wí létí rẹ̀.

Ó fẹ́ sọ pé kó jẹ́ kóun gbọ́ràn. Ẹnu rẹ̀ là, ọ̀rọ̀ kankan ò jáde. Ìgbà náà ló yé e ìdí tí àwọn baba ńlá wọn fi sọ òkè náà ní Panumọ́.

Ó yí kọ́nà tó wà níbi àpáta pẹlẹbẹ, Yèyé sì wà níbẹ̀.

Ó kéré ju bí Ìbíwùmí ṣe rántí rẹ̀ lọ. Ó jókòó sórí pèpéle, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó fi gèlè aláró wé orí, ó ń bó ẹ̀gúsí sínú igbá. Ìbíwùmí kó gbogbo èémí tó kù nínú rẹ̀ jọ láti kígbe "Ẹ káàárọ̀, Yèyé!" Ohun tó jáde ni, "Hẹ̀ẹ̀ẹ̀."

Yèyé gbójú sókè. "Ta ló ń mí bí ẹwìrì níbẹ̀ yẹn?"

Ìbíwùmí ì bá ti kọjá. Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì lágbára. Ṣùgbọ́n ó rí ojú Yèyé, ojú tó kọ́kọ́ rí i láyé lẹ́yìn ti ìyá rẹ̀, ara rẹ̀ sì kọ̀. Orúnkún rẹ̀ ti ń tẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó yí táyà iwájú sí ẹ̀gbẹ́ pèpéle, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó sì dá kẹ̀kẹ́ dúró gbọnin lórí táyà méjì, láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀. Ìdúró lékeléke ni àwọn ọmọ ìlú ń pè é. Iwájú ilé ìyá rẹ̀ ló ti fi ọdúnọdún kọ́ ọ, nígbà tí àwọn aboyún bá wà nínú ilé tí kò sì sí ẹni tó ráyè tirẹ̀.

"Mo rí ẹnìkan tó gbé ohùn mì," ni Yèyé wí. "Ìbíwùmí ọmọ agbẹ̀bí ni tàbí ojú mi ni?"

Ìbíwùmí mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó mí. "Èmi ni, mà."

"O sì dúró lórí ẹsẹ̀ kan bí ẹyẹ."

"Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀, Yèyé, wọ́n á ti ọ̀nà."

"Mo ti gbọ́ bẹ́ẹ̀. Bí o ò bá sọ̀ kalẹ̀ ńkọ́?"

Òógùn ń kán láti àgbọ̀n Ìbíwùmí sórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ náà ń mì tìtì lábẹ́ rẹ̀.

"Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni kó kúnlẹ̀ o," ni Yèyé wí, ó sì bó ẹ̀gúsí kan. "Fìjàbí wá, ó ṣubú síbẹ̀ yẹn gbìì, mo ní, ọmọ yìí, kí ló dé? Ó ní òun ń kí mi ni. Inú mi dùn, inú mi ò sì dùn. Bí mo bá wọlé jókòó, ilé bàbá mi di ilé òfo lójú àwọn tó fẹ́ wó o. Bí mo bá jókòó síta, ẹ ń ṣubú níwájú mi bí èso. Èmi náà ti rò ó títí."

"Ìsinmi kò sí níbí," ni Àṣá wí lókè. "Inú òrùka nìkan ni ìsinmi wà."

"Ó dúró ni," ni Yèyé dá a lóhùn láìwo òkè. "Kò sinmi. Wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń gbọ̀n. Ṣé bí wọ́n ṣe ń sinmi ní ilé yín nìyẹn?"

Itan Ìbíwùmí ti ń sọ fún un pé kò níí pẹ́ mọ́. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí ìkòkò omi tó wà lẹ́nu ọ̀nà Yèyé, ó sì rí ọ̀nà odò ní ìgbà èwe rẹ̀. Ó ru omi. Ó pàdé Yèyé lójú ọ̀nà tóóró. Ó fẹ́ kúnlẹ̀, omi dà sí i lójú, Yèyé sì di apá rẹ̀ mú kí orúnkún rẹ̀ tó kan ilẹ̀. *Dìde, ọmọ mi. Ẹlẹ́rù kì í kúnlẹ̀.*

"Yèyé," ó wí, ó sì mí, "ẹ̀yin ò ní ẹrù tó ń lọ sílùú?"

Ọwọ́ Yèyé dúró nínú igbá. Ó wo ọmọbìnrin náà. Ó wo orí rẹ̀. Ẹ̀rín kan bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ikùn rẹ̀, ó sì rọra gòkè bí omi tó ń hó.

"Ọmọ agbẹ̀bí," ló wí. "Ọmọ agbẹ̀bí ni ọ́ lóòótọ́. Mo ní ọmọ ọlọ kan."

Ó nawọ́ sẹ́yìn, ó sì gbé e jáde lábẹ́ àpótí. Òkúta dúdú ni, tó ti dán bí imú ajá, tí àtẹ́lẹwọ́ ìran obìnrin mélòó kan ti gbẹ́ ní ìrísí ọwọ́. "Ti Mọ́rẹ́nikẹ́ ọmọ-ọmọ mi ni. Láti ìgbà tó ti lọ sílé ọkọ lókè ni mo ti fẹ́ fi ránṣẹ́. Ó ní ẹ̀rọ ni òun fi ń lọ ata. Ata tí ẹ̀rọ bá lọ̀ kì í ta dénú."

Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó ká a bí ejò, ó fi ṣe òṣùká. Irun rẹ̀ funfun nini nínú oòrùn.

"Dúró," ni Àṣá wí. Ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. "Ẹrù kò sí lórí rẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀."

"Òfin wo lẹ ṣe?" ni Yèyé bi í.

"Òfin Ẹsẹ̀."

"Ẹsẹ̀ tèmi wà lórí pèpéle bàbá mi. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ wà lórí irin. Orí ni mo ń gbé e kà. Ṣé orí náà ti di ẹsẹ̀ lọ́dọ̀ yín ni?"

Apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Àṣá yí, ó yí, ó yí.

"Orí kì í ṣe ẹsẹ̀," ló wí.

"O kú ọgbọ́n."

Ìbíwùmí tẹrí ba lórí kẹ̀kẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dé abẹ́ ọwọ́ Yèyé. Ó gbóòórùn aró àti ẹ̀gúsí. Òṣùká kọ́kọ́ bà lé e lórí, lẹ́yìn náà òkúta, wúwo, tútù. Ọwọ́ Yèyé méjèèjì ò tètè kúrò níbẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, bí wọ́n ṣe ń tẹ orí ọmọ tí wọ́n ń wúre fún.

"Ọ̀nà á là," ni Yèyé wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Máa lọ. Ẹlẹ́rù kì í pẹ́ lójú ọ̀nà."

Ó tẹ pẹ́dà.

Kò lè tẹ̀ síwájú mọ́, òkúta yóò yọ̀. Ó ní láti jókòó gbọnrangandan, kí ọrùn rẹ̀ dúró, kí ìbàdí rẹ̀ máa ṣe gbogbo iṣẹ́. Ìgbà méjì àkọ́kọ́ tó tẹ pẹ́dà, ó rò pé òun ti kú. Ní ẹ̀kẹta, ara rẹ̀ rántí. Bí wọ́n ṣe ń ru omi láti odò gòkè nìyí. Èèyàn kì í bá òkè jà. Á gbé ọrùn síbi kan, á mí kékeré kékeré, á sì jẹ́ kí òkè máa gba abẹ́ òun kọjá. Èémí rẹ̀ tó ń ké bí ayùn rọlẹ̀. Ó ń tẹ̀, ó ń tẹ̀. Wáyà ń kùn lókè, ọmọ ọlọ ń tẹ̀ ẹ́ lórí, òun sì wà láàárín àwọn méjèèjì bí ìlẹ̀kẹ̀ nínú okùn.

Nítòsí orí òkè, níbi tí òkúta wẹ́wẹ́ pọ̀ jù, táyà ẹ̀yìn yọ̀. Kẹ̀kẹ́ fì sósì. Ọmọ ọlọ fì sọ́tùn-ún. Ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ fò sókè láti dì í mú, ó sì mọ̀ pé bí ọwọ́ bá kúrò, ẹsẹ̀ ló kàn. Ó fi ọwọ́ sílẹ̀ níbi tó wà. Ọrùn ló fi wá òkúta náà lọ, díẹ̀ báyìí, bí ìyá ṣe ń fi èjìká wá orí ọmọ tó ń sùn lẹ́yìn rẹ̀, títí ó fi rí i. Táyà di ilẹ̀ mú.

Lẹ́yìn náà ni ariwo ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni òrùka funfun, tó gbòòrò bí àgbàlá. Ó wọ inú rẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì kan sìmẹ́ńtì.

"Ọ̀nà ti là," ni Àṣá kéde pẹ̀lú ohùn kan náà tó fi ń sọ ti koríko. "Ọ̀nà yìí ti di ti Òkè-Ìròkò." Ìlẹ̀kẹ̀ já bọ́ kúrò lẹ́sẹ̀ Ìbíwùmí, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì.

Fìjàbí ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú kẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Ìbí, mo kí kẹ̀kẹ́ o! Ìwọ kọ́, kẹ̀kẹ́ ni mo kí!" Àwọn ènìyàn ń fò, wọ́n ń sunkún. Ìyá rẹ̀ ò fò. Ó dúró níwájú rẹ̀, ó káwọ́ lẹ́yìn.

"Ṣé o kúnlẹ̀ fún Yèyé?"

"Màmi," ni Ìbíwùmí wí, "ẹ sọ̀ mí ná."

Ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ sókè, ó sì bá a sọ ẹrù náà kalẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí í bá ẹlẹ́rù jiyàn kó tó sọ̀ ọ́. Ó wo òkúta náà. Ó wo òṣùká, ó tú u, ó rí gèlè aláró tí gbogbo ìlú mọ̀. Ó gbá a mọ́ àyà. Kò bi í ní ìbéèrè kankan mọ́.

"Ẹ bá mi gbé ọmọ ọlọ fún Mọ́rẹ́nikẹ́," ni Ìbíwùmí wí. "Ẹ fún mi ní gèlè yẹn."

"O ń lọ síbo? Wọ́n ti gbé omi kaná!" ni Fìjàbí kígbe.

Ó ti yí kẹ̀kẹ́ padà. Ó fi gèlè náà wé ọrùn, ó sì jẹ́ kí Panumọ́ gbé e sọ̀ kalẹ̀, atẹ́gùn ń kún ẹnu rẹ̀, òkúta ń fò lápá ọ̀tún àti òsì. Níbi àpáta pẹlẹbẹ, ó fa bíréèkì. Yèyé ṣì jókòó síbẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí, orí rẹ̀ ò ní gèlè.

Ìbíwùmí fi kẹ̀kẹ́ lélẹ̀. Ó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ abẹ́ wáyà, ilẹ̀ pupa, gbígbóná. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé gèlè náà síwájú, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Yèyé. Ṣé ẹ jí dáadáa? Ara ńkọ́? Oorun alẹ́ àná ńkọ́?"

"Ẹnu rẹ ti là," ni Yèyé wí.

"Ìsọ̀kalẹ̀ ni, mà. Ìsọ̀kalẹ̀ kì í gba ẹnu lọ́wọ́ ènìyàn."

Àṣá ti tẹ̀lé e dé ibẹ̀. Ó dúró lókè orí àwọn méjèèjì, ojú rẹ̀ kan ṣoṣo ń wò. "Orúnkún rẹ kan ilẹ̀," ló wí.

"Ó kàn án," ni Ìbíwùmí dáhùn, kò sì dìde títí Yèyé fi ní kó dìde.